Àmín Mẹ́sàn-án

Kúlóòsì, ìyẹn òpópónà kékeré, tí Màmá Dammy ń gbé ní Festac, ilé méjìlá ló wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ní àwọ̀ kírímù, gbogbo géètì ló dúdú. Ẹgbẹ́ onílé ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ nìkan ló jẹ́ búlúù, nítorí Clement, ọkọ rẹ̀, ló fọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún lọ́dún tó kú. Ọkùnrin tó ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, tí kì í gbé ohun tó wúwo ju bírò lọ, ló lẹ̀ mọ́ géètì láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ọ̀dà ta sí i nírùngbọ̀n, ìyàwó rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Dammy, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti wà ní Kánádà báyìí. Kò sẹ́ni tó tún ń pa á lẹ́rìn-ín nínú ilé ọ̀hún.

Iṣẹ́ tó fún ara rẹ̀ ni kó máa fi àdúrà ránṣẹ́ sórí WhatsApp kúlóòsì láràárọ̀. Ká sọ òótọ́, àdúrà yẹn ti gùn jù, ẹni tó bá fẹ́ kà á tán á pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Wọ́n á kàn tẹ "Àmín", wọ́n á bá tiwọn lọ. Òun sì rò pé wọ́n ń bá òun sọ̀rọ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé fíìmù adẹ́rùbani kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Tọkọtaya kan kó lọ sí ẹ́sítéètì tí gbogbo ilé ti jọra. Ẹ̀rín kan náà ni gbogbo ará ibẹ̀ ń rín. Ẹni tó bá kọ̀ láti ṣe bíi tiwọn, tí ilẹ̀ bá mọ́, òun náà á ti máa rín in. Màmá Dammy kọ́kọ́ pòṣé. Ìgbà tó wá yọjú lójú fèrèsé, tó rí géètì dúdú lọ́tùn-ún lósì, àyà rẹ̀ já. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ làwọn máa kun tirẹ̀.

Ó mú fóònù, ó kọ ọ́ sórí WhatsApp: "Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi ló kun géètì yìí, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rù ń bà mí lónìí. Kí ẹnì kan jọ̀ọ́ wá bá mi jókòó díẹ̀."

Àmín mẹ́sàn-án ló wọlé. Ẹnì kan tiẹ̀ fi kún un pé, "Ní orúkọ Jésù." Ó jókòó, ó ń retí wọn títí iná fi lọ. Kò sẹ́ni tó wá.

Ní Sátidé, Ọlábánjí akọ̀wé mú kunlékunlé kan dé.

"Mummy, ẹ kú àárọ̀ ma. Ṣé ẹ ti ready?"

"Ṣé ẹ ò rí ohun tí mo kọ sórí group ni?"

"A rí i now, ma. Gbogbo wa la ṣe àmín sí i."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín músẹ́. Kí ọ̀sán tó pọ́n, búlúù Clement ti di dúdú. Màmá Dammy wọlé lọ, ó sunkún bí ọjọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, fóònù dún. Ọ̀rọ̀ gígùn kan ló wọlé sórí WhatsApp kúlóòsì, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run" ló fi bẹ̀rẹ̀, Àmín mẹ́ta sì ti wà lábẹ́ rẹ̀. Ó tẹ Àmín tirẹ̀, ó gbá ilẹ̀ rẹ̀ lọ. Ìgbà tó jáde láti lọ da ìdọ̀tí nù, ó rí Bàbá Kọ́ládé, aládùúgbò rẹ̀, lórí àga rọ́bà níwájú ilé. Ó dá jókòó, kò wọ bàtà. Ara fu Màmá Dammy. Ó sáré padà sídìí fóònù, ó ka ọ̀rọ̀ náà dópin: "Rosaline ìyàwó mi kú ní ọsibítù lóru àná. Èmi nìkan ni mo wà nílé. Kí ẹnì kan jọ̀ọ́ yà sọ́dọ̀ mi."

Ojú tì í gidigidi. Ó gbé àga tirẹ̀ kọjá géètì dúdú, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá.

"Bàbá Kọ́ládé, ẹ má bínú. Mo ti ṣe àmín kí n tó kà á."

Bàbá ò gbójú sókè.

"Èmi náà ò ka tiyín, Màmá Dammy," ló wí. "Àmín tèmi wà nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yẹn."