Kámẹ́rà tí Ọwọ́ Gbígbọ̀n Lè Tẹ̀

Ìgbà kẹrin tí gìrì mú Success lọ́dún náà, ìyá rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó gbọ́ tí ọmọ náà pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, "Mọ́mì," pẹ̀lú ohùn ẹni tí nǹkan há sí lọ́fun. Kí ó tó yíjú, ọmọ ti wà nílẹ̀ láàárín àwọn àkísà aṣọ.

Bridget Akínlọ́lá ni ìyá náà. Télọ̀ ni ní Ọ̀kà Àkókó, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì kọjú sí òkúta pẹrẹsẹ kan tí àwọn ará àdúgbò máa ń sá láfún sí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Success, òun sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí Bridget àti ọkọ rẹ̀, Adébíyìí, bí. Òṣìṣẹ́ káńsù ni Adébíyìí.

Ohun tí ó ń da Bridget láàmú jù ni pé òun nìkan ni ó ń rí i. Nǹkan náà kì í ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Kí aládùúgbò tó sáré dé, ọmọ á ti jókòó, á máa wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Adébíyìí kò bá a níbẹ̀ rí.

"Ìyá Success," ó sọ ní ọjọ́ kan, "ṣé kì í ṣe pé ebi ń pa á ni? Nígbà tí mo dé, ọmọ ń jẹ ẹ̀pà."

Bridget ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún un ká.

Dókítà tó ń wo ọmọ náà ní ọsibítù kan ní Ìkàrẹ́, obìnrin tí wọ́n ń pè ní Dókítà Fúnminíyì, gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ pọ̀. Ọwọ́ wo ló kọ́kọ́ gbọ̀n? Ṣé apá kan ló ti bẹ̀rẹ̀ ni, àbí gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan náà? Bridget ní ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà tó tún lọ, ó ní ọwọ́ òsì. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣàkíyèsí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

"Oògùn tí mo fún un yìí kò ṣiṣẹ́," ni dókítà wí. "Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Ẹ bá mi gbà á sí fídíò, Mọ́mì. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an ni mo ń wá, kì í ṣe ìparí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ o, ẹ má sì ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu."

Fóònù ni Bridget kọ́kọ́ lò. Ojú fóònù náà ti là, òógùn ọwọ́ kì í sì jẹ́ kí ó gbọ́ ìka. Nígbà àkọ́kọ́, òrùlé ṣọ́ọ̀bù ni ó yà. Nígbà kejì, fóònù ní inú òun ti kún. Bridget jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, ó wo fóònù náà bíi pé kó sọ ọ́ mọ́ òkúta.

Ọjọ́ kejì ni ó mú Success, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́. Nítòsí gáréèjì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Abdulrazaq máa ń tún kámẹ́rà ṣe, ó sì máa ń ta tòkunbọ̀. Bridget fi ọmọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbi tí ojú rẹ̀ á ti máa tó o.

"Fídíò ni mo fẹ́ máa fi yà," ó sọ. "Owó mi ò pọ̀. Èyí tó rọrùn jù ni mo fẹ́."

Abdulrazaq gbé ńlá kan kalẹ̀. "Àǹtí, èyí làwọn tó ń ya ìgbéyàwó ń lò. Àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere."

Bridget fi ọwọ́ òsì gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, ó di ojú. "Ẹ bá mi máa kà."

"Kí n máa ka kí ni?"

"Ení, èjì. Ẹ ṣáà máa kà."

Ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún wá ibi tí wọ́n ti ń tan kámẹ́rà náà. Abdulrazaq ka dé méjìlá, Bridget kò tíì rí i. Ó gbé e padà fún un. Èkejì kéré, ó ń dán, ó sì yá tàn, ṣùgbọ́n ó ń bi í ní ọjọ́ àti àkókò, ojú rẹ̀ ni wọ́n sì ń fi ìka tẹ̀ bíi ti fóònù. Bridget kàn mi orí.

Ẹ̀kẹta ti gbó, ara rẹ̀ ti bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Abdulrazaq fẹ́rẹ̀ẹ́ má mú un jáde. Tí ènìyàn bá ti ṣí pátákó kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí àwòrán máa ń hàn lára rẹ̀, ó ti tàn nìyẹn, bọ́tìnnì pupa kan sì wà níbi tí àtàǹpàkò máa ń wà fúnra rẹ̀. Ó lè dá dúró lórí tábìlì láìsí ẹni tó dì í mú. Abdulrazaq ka mẹ́ta, iná pupa yọ.

"Ẹ tún kà."

Mẹ́ta. Ó tún ṣe é. Mẹ́rin, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀keje, Abdulrazaq kò kà mọ́.

"Àǹtí, kí lẹ fẹ́ fi kámẹ́rà yìí yà gan-an?"

Bridget wo bẹ́ǹṣì. Success ń ka kálẹ́ńdà ara ògiri. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó sọ fún un.

Abdulrazaq fa téèpù dúdú yọ, ó fi bo gbogbo bọ́tìnnì tó kù pátápátá, kí ọwọ́ má baà ṣì wọn tẹ̀. Ó fi bátìrì kejì kún un. Owó tí Bridget fi pamọ́ fún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dí etí aṣọ ni ó fi san án, wọ́n sì padà sí Ọ̀kà.

Ìdúró wá bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀ ni Bridget ń pààrọ̀ bátìrì. Kámẹ́rà wà lórí tábìlì ìgéṣọ, ojú rẹ̀ kọ sí ibi tí ọmọ máa ń jókòó. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, ọjọ́ méje kọjá. Ó ń bẹ̀rù kí nǹkan náà dé, ó sì ń bẹ̀rù kí ó má dé, èyí sì ń tì í lójú bí ẹni tó ń ṣọ́ ibi fún ọmọ tirẹ̀. Bí Success bá wúkọ́, ọwọ́ ìyá rẹ̀ á ti nà síbi kámẹ́rà.

"Ọmọ rẹ ń ṣàìsàn, ìwọ ń dúró ya fídíò," ni Adébíyìí sọ. "Irú kí nìyẹn?"

"Bàbá Success, tí ẹ bá ti rí i rí, ẹ ò ní bi mí."

Ọjọ́ kejìlá, ní ọ̀sán gangan, ohùn yẹn dé. "Mọ́mì."

Bridget kò ráyè ronú. Ó ṣí kámẹ́rà, ó tẹ̀ ẹ́, ó fò kọjá àga. Ó gbé orí ọmọ kó tó kanlẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ó tú kọ́là ọrùn rẹ̀. Eyín ọmọ ń pa kèékèé. Etè rẹ̀ ń dúdú. Bridget kò wo ẹ̀yìn wò bóyá iná pupa tàn. Ìgbà tí ọmọ mí kanlẹ̀, tó sùn lọ, ni ó tó wò. Iná náà ń tàn.

Òun àti Adébíyìí ni wọ́n jọ lọ bá dókítà lọ́jọ́ kejì. Wọ́n so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn sì ń wò. Bridget gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú fídíò náà, ó ń sọ pé, "Mo wà níbí, mo wà níbí," títí nǹkan náà fi tán. Kò rántí pé òun sọ̀rọ̀ rárá.

Adébíyìí dìde láìjẹ́ kó parí. Ó jáde. Nígbà tó padà wọlé, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Èmi ò mọ̀," ó sọ. "Bridget, mi ò mọ̀ pé bó ṣe rí nìyí." Kì í pe orúkọ ìyàwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Dókítà Fúnminíyì dá fídíò náà padà sẹ́yìn nígbà márùn-ún. "Ẹ wo ìka òsì yẹn. Kó tó ṣubú, ṣé ẹ rí i bó ṣe ń ja aṣọ? Ẹnu náà fà sí òsì. Apá kan nínú ọpọlọ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Wárápá irú mìíràn ni oògùn tí mo fún un wà fún. Èmi ni mo ṣìnà, nítorí mi ò tíì rí i."

Ó yí oògùn padà, ó sì ní kí wọ́n lọ ya àwòrán ọpọlọ. Àwòrán náà fi àpá kékeré kan hàn, tí àìsàn ìgbà ọmọ ọwọ́ fi sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí kò fẹ̀ sí i.

Lóṣù àkọ́kọ́, gìrì mú Success lẹ́ẹ̀mejì, kò sì pẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà ọdún Àjíǹde, kò tíì padà. Dókítà kò gbà kí wọ́n sọ pé ó ti tán. Ó ní ó kéré tán, ọmọ náà á lo oògùn fún ọdún méjì láìfo ọjọ́ kan. Adébíyìí ló gba iṣẹ́ yẹn ṣe. Láàárọ̀ kó tó lọ sí káńsù, àti ní ìrọ̀lẹ́ tó bá dé, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń bu omi sínú ife fún ọmọ, á dúró tì í títí á fi gbé oògùn mì.