Adìẹ tí wọ́n fi ń wo ẹsẹ̀ ọkọ mi

Ẹ gbà mí o, ìyá ọkọ mi ti fi adìẹ ìtọ́jú wa se ọbẹ̀!

Òkìtì ni ọkọ mi, bàbá Tòní, ń ta jẹun. Ó já bọ́ lójú agbo, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Bàbá teguntegun ní Ìjàrè di ẹsẹ̀ náà mọ́gi. Ó wá dá ẹsẹ̀ adìẹ kan, ó di ìyẹn náà mọ́gi. Ó ní ọjọ́ tí adìẹ bá rìn ni ká tú ti ọkọ mi.

A wá ń kẹ́ adìẹ bí ọmọ, nígbà tí àwa fúnra wa ò rí ẹran jẹ.

Lónìí, Màámi dé láti Oǹdó. Kí n tó ti ọjà dé, bàbá Tòní ti ń fa egungun mu. Ó rò pé Oǹdó ni ẹran ti wá.

"Màámi, adìẹ tí wọ́n fi ń wo ẹsẹ̀ ọmọ yín nìyẹn!"

"Háà! Mo rò pé ẹ dè é mọ́gi kó má baà sá ni. Ó ṣáà sá! Ó mú mi sáré yípo kànga kí ọwọ́ mi tó tẹ̀ ẹ́."

Gbogbo wa bá yíjú sí ẹsẹ̀ bàbá Tòní.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ká tú u, àbí ká wá adìẹ mìíràn? Ẹ tètè dáhùn o. Màámi ti gbé ọ̀bẹ tí wọ́n fi pa adìẹ lé bàbá Tòní lọ́wọ́ kó fi gé okùn ẹsẹ̀ rẹ̀.