Ohun Tí Ọmọ Mi Lẹ̀ Mọ́ Mi Lórúnkún

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ro ẹjọ́ kan fún yín. Ohun tí ojú mi rí ní Inisa níbí kò ṣeé gbé mì.

Ẹ mọ̀ pé Morẹ́nikẹ́ ìyàwó mi, ọmọ Òkukù, ti jáde láyé. Láti ìgbà náà ni orúnkún mi ọ̀tún ti ń dá mi lóró. Fúnmiláyọ̀ àkọ́bí wa ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì kan l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń ṣe irinṣẹ́ tuntun. Ó wálé, ó mú kiní kan dání. Ó ń dán, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Ẹ fà á, ó nà. Ẹ fi sílẹ̀, ó padà. Ó ní omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀! Kiní kékeré bíi bọ́tìnnì wà létí rẹ̀. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lórúnkún.

"Bàbá, ẹ má yọ ọ́ o. Bí ẹ wọ omi gan-an, kò ní ṣí. Ẹsẹ̀ yín á fúyẹ́."

Kí ni ẹni tó kúrò nílé ìwé ní prámárì fọ́ọ̀ máa rò? Oògùn ni, ṣebí! Ó tún fún mi ní fóònù tuntun, ó ní kí n máa jẹ́ kó wà lórí iná nílé.

Ẹsẹ̀ sì fúyẹ́ lóòótọ́, àbí ọkàn mi ló ń tàn mí? Mo ń fi yangàn kiri. Làmídì, ọ̀rẹ́ mi tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ìkìrun, ní, "Ìwọ lọmọ rẹ kàwé. Àwa tó kù, rọ́ọ̀bù la ó fi kú!" Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ wá gbọ́ o. Odò kékeré kan wà lẹ́yìn oko wa, lọ́nà Igbaye. Èmi àti Morẹ́nikẹ́ la jọ ń dẹ ìgèrè fún ẹja níbẹ̀. Èmi ni mo ń hun ún. Òun ló ń kúnlẹ̀ sínú omi láti fi ọwọ́ wá ibi tí yóò jókòó sí, torí ó ní ọwọ́ tèmi ń dẹ́rù ba ẹja. Lẹ́yìn tó lọ, èmi nìkan ni mò ń lọ. Màá kúnlẹ̀ síbi tó máa ń kúnlẹ̀ sí, omi á mù mí dé àyà, màá bá a sọ̀rọ̀, màá sunkún. Ọkùnrin àgbà, ó ń kúnlẹ̀ fún ìyàwó! Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Alàgbà Samson tó ń wá gbàdúrà fún mi gan-an ò mọ̀.

Àfi lọ́jọ́ kan tí Adéwálé, ọkọ Fúnmi, pè mí. A kí ara wa tán, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá wa, ta lẹ ń kúnlẹ̀ fún nínú odò lójoojúmọ́? Àbí màmíwọ́tà ti fẹ́ yín ni?"

Mo bi í léèrè. Ta ló sọ fún un? Ó ní ṣebí kiní orúnkún yẹn ni. Bí ẹsẹ̀ mi bá ti ká tàbí tó nà, ó mọ̀ ọ́n, ó sì mọ̀ bóyá lórí ilẹ̀ ni tàbí nínú omi. Tí mo bá wá délé, fóònù á gbé e lọ bá wọn l'Ékòó. Ó ní òun rò pé Fúnmi ti ṣàlàyé fún mi!

Kì í ṣe oògùn rárá! Ọmọ tí mo bí ló fi mí ṣe ẹni tí à ń ṣọ́!

Mo pe Fúnmi. Ó bú sẹ́kún. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun kí omi má gbé mi lọ, òun mọ̀ pé mi ò ní gbà bí òun bá sọ. Wọ́n tiẹ̀ ti tún yàrá kan ṣe dè mí l'Ékòó. "Omijé ikú màmá ò tíì gbẹ lójú mi, Bàbá."

Mo ní, "Fúnmiláyọ̀, bí o bá ní o fẹ́ máa ṣọ́ mi, bóyá mo lè gbà. Ṣùgbọ́n o jẹ́ kí n rò pé oògùn ni. O sì jẹ́ kí àna mi fi ẹkún mi ṣẹ̀fẹ̀."

Mo ṣí i kúrò, mo dì í pọ̀ mọ́ fóònù tuntun náà, mo fi rán awakọ̀ sí i. Èkó? Mi ò lọ.

Mi ò ní irinṣẹ́ náà ò dáa o. Ẹni tí àrùn rọ lẹ́sẹ̀, tó ń kọ́ ìrìn padà, á wúlò fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ, bó ti wù ká gbó tó, ẹ sọ òótọ́ fún wa ká fúnra wa gbà tàbí kọ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ bèèrè kí wọ́n tó lẹ nǹkan mọ́ yín lára!

Fúnmi ṣì ń pè láràárọ̀. Tó bá ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ ńkọ́?" màá kọ́kọ́ wo orúnkún mi. Mo ń rò ó bóyá ó ti mọ̀ kó tó bèèrè.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti fi ìfẹ́ tàn jẹ rí, báwo lẹ ṣe padà gbà wọ́n gbọ́? Ẹ kọ ọ́ síbí fún mi. Mò ń kà á.