Ìyá Ẹja àti Fíríìsà Rẹ̀

Alásè ilé ìwòsàn ni ìyá yìí títí ó fi fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tó kúrò níbẹ̀, ó ní òun ò tún ní dáná fún ẹnikẹ́ni mọ́, ibi tó bá wu òun lòun á máa lọ. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ sì ti ń dá gbọ́ bùkátà ara wọn. Ta ló kù tó máa dè é mọ́lẹ̀?

Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ onígbàjámọ̀ ló fa ọ̀ràn. Ó ra ẹja ńlá kan tó máa ń pa ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ, ó fi í sínú àpótí gíláàsì ní ṣọ́ọ̀bù kí àwọn oníbàárà lè rí nǹkan wò. Ẹja wẹ́wẹ́ tó wà láàyè ló ń jù sí i. Ìgbà tó yá, ẹja náà kó àìsàn lára wọn, ó rù, kò jẹun mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí o. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń mú aláìsàn jẹun!"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó bó edé, ó yọ egungun ẹja tútù, ó lọ̀ wọ́n pọ̀, ó da ìyẹ̀fun tó ń mú omi dì sí i, ó sì gbé e sí fíríìsà. Nígbà tó gé e sínú omi, ẹja náà yí i po, ó la ẹnu, ó gbé e mì. Àwọn tó ń gẹrun hó yèè.

Kò pẹ́ tí àwọn tó ń sin irú ẹja bẹ́ẹ̀ fi ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó tún ra fíríìsà kejì. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Ẹja, inú rẹ̀ sì dùn.

Àmọ́ bí iná bá ti ṣẹ́jú báyìí, ẹ̀rù á bà á pé oúnjẹ inú fíríìsà á yọ́, á sì bàjẹ́. Adùn sì ti mọ́ àwọn ẹja lẹ́nu, wọn ò fẹnu kan nǹkan mìíràn mọ́. Nígbà tí ibà dá a wó, ọkùnrin kan pè é lórí fóònù: "Màmá, ẹja mi ti jẹ ẹnìkejì rẹ̀ o!" Tòun ti ibà lára ló dìde lọ bó edé.

Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nílùú mìíràn, ó sì ti ṣèlérí pé òun ni òun máa di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ti di ẹrù, ó ti wọ bàtà, ni iná bá lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo fíríìsà. Nígbẹ̀yìn, ó bọ́ bàtà.

Aládùúgbò ló mú ẹ̀gbọ́n lọ. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó pè.

"Ojú mi ti là. Mo rí dókítà, mo rí aládùúgbò mi. Ìwọ nìkan ni mi ò rí."

"Ẹ forí jì mí, ẹ̀gbọ́n mi. Iná ló…"

"Mo gbọ́. Kí àwọn ẹja ṣáà máa jẹun dáadáa."

Ìyá Ẹja gba ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ onígbàjámọ̀ lọ. "Wá kọ́ iṣẹ́ yìí, kí n sinmi."

"Háà! Ta ló máa gbé orí fún ọwọ́ tó ń rùn bí ẹja?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó sọ fáwọn oníbàárà pé òun fẹ́ jáwọ́, ńṣe ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Wọ́n tilẹ̀ dáwó jọ, wọ́n ra jẹnẹrétọ̀ fún un. Iná ò wá lè ká a mọ́lé mọ́. Àmọ́ jẹnẹrétọ̀ ń fẹ́ epo, epo sì ń fẹ́ ẹni tó máa rọ ọ́. Ó ṣì wà nílé.