Iná Tí Ẹja Kò Wá Sí

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn mi lè balẹ̀: òjòwú ni mí. Kì í ṣe owú ọkọ o. Ọkọ mi ò fẹ́ ìyàwó kejì, apá rẹ̀ ò tilẹ̀ ká a. Àbúrò mi ni mò ń jowú, ọmọ ìyá mi, ọmú kan náà la jọ mu.

Ní Oríòkè-Ìwàmímọ́, etí òkun níbí, orí òpó la kọ́ ilé wa lé, afárá pákó ló sì so ilé tèmi mọ́ ilé tirẹ̀. Bó bá ń yan edé lọ́hùn-ún, èéfín rẹ̀ ló ń jí mi. Ọkọ̀ kan náà ló ń kó apẹ̀rẹ̀ edé àwa méjèèjì lọ sí ọjà Igbókọ̀dá. Kí wọ́n má baà ṣì í gbé, olúkúlùkù obìnrin ló ní àkísà tó ń so mọ́ etí apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Àkísà pupa ni tèmi, funfun ni tàbúrò mi, kò sí ọlọ́kọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n.

Yèyé wa ló dá owú yìí sílẹ̀, kí Ọlọ́run má bínú sí mi pé mò ń bá òkú wí. Yèyé ní ata kan. Ata kékeré tó hunjọ ni, kì í pọ́n ju kó dà bí epo lọ. Ẹyọ kan tó ìkòkò ọbẹ̀ kan. Ẹ bá fi méjì sí i, ẹ tètè wá omi sí tòsí. Ẹ̀yìnkùlé yèyé nìkan la ti mọ ata yìí, ọwọ́ ìyá tirẹ̀ ló sì ti gbà á. Nígbà tí àìsàn dá yèyé dùbúlẹ̀, ó pe àwa méjèèjì, ó mú igò kékeré tó fi ń tọ́jú irúgbìn náà sínú eérú jáde. Ó da ìdajì rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó di í, ó nà án sí mi. Ó wá gbé igò náà tòun ti ìdajì tó kù fún àbúrò mi. Ẹ gbọ́ o: èmi àkọ́bí, ọ̀rá. Òun àbíkẹ́yìn, igò. Wọ́n ní irúgbìn kan náà ni, iye kan náà sì ni. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí lojú mi rí.

Lẹ́yìn tí yèyé lọ tán, òkun gbé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó ti ń bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀ tipẹ́, àmọ́ lọ́jọ́ kan a jí, igi àgbọn tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ti sùn sínú omi. Kò sí ilẹ̀ mọ́. Irúgbìn ata kì í sì í dúró de ènìyàn. Bó bá pẹ́ jù lórí àjà, á kàn máa wò ọ́ ni, kò ní hù. Àwa méjèèjì mọ̀ pé bí a ò bá rí ibi gbìn ín lọ́dún náà, ata yèyé ti tán láyé nìyẹn.

Ẹni tí kò gbé etí òkun rí á ní, ṣebí oòrùn pọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ gbìn ín sínú garawa kí ẹ gbé e síta. Ẹ kú ọgbọ́n! A ti fi ata ọjà dán an wò. Atẹ́gùn òkun ní iyọ̀ nínú, láàárín ọjọ́ mẹ́ta ó ti jó gbogbo ewé rẹ̀ gbẹ. Bí ẹ bá sì gbé e wọlé, inú ilé wa ṣókùnkùn, nítorí fèrèsé kékeré la máa ń ṣe, kí ìgbì má baà máa fọ́n omi lé wa lórí bùsùn. Àbúrò mi ló gbọ́ lẹ́nu obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn kan lókè ń fi iná LED gbin nǹkan sínú yàrá, pé iná náà ń ṣe bí oòrùn fún ewé. Inú bí mi pé òun ló kọ́kọ́ gbọ́. Àwa méjèèjì ní sólà lórí òrùlé, nítorí náà iná kọ́ ni ìṣòro, yíyàn rẹ̀ ni. Edé àbúrò mi wà lórí iná lọ́jọ́ ọjà náà, kò lè lọ.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yan tèmi mọ́ tiyín. Ojú yín là ju tèmi lọ."

Ní Igbókọ̀dá, mo wọ ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta nǹkan sólà. Mo ní iná tí wọ́n fi ń gbin nǹkan sínú ilé ni mò ń wá. Ó wo gèlè mi, ó wo apẹ̀rẹ̀ edé lẹ́sẹ̀ mi, ó wo ojú ọ̀nà, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, ṣé igbó ni?"

"Igbó bàbá ta ni?" Mo pariwo débi pé àwọn tó ń kọjá yà wò wá. "Ata ni! Ata yèyé mi!"

"Ẹ má bínú, màmá. Àwọn tó ń wá ra irú iná yìí lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó máa ń pè é ní igbó. Tòmátì ni gbogbo wọn ń gbìn."

Ó gbé oríṣi méjì jáde. Ó tan èkíní, ó funfun báláú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú. Ó tan èkejì, ó rí bí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n da aró sí, àwọ̀ elésè àlùkò báyìí, kò mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n má wo nọ́ńbà ńlá tó wà lára páálí, pé ohun tó bá wu olúkúlùkù ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ó ní ojú ènìyàn kọ́ ni ojú ewé, èyí tó ń mọ́lẹ̀ lójú èmi lè má ní oúnjẹ fún ata. Ó ní èyíkéyìí tí mo bá mú, kí n fi í kọ́ nítòsí, kó má ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ sí orí ewé. Mo ń mi orí, àmọ́ nínú mi mò ń sọ pé, èmi tí bàbá mi fi iná pẹja tọ́ dàgbà, tí ọkọ mi ń fi iná pẹja, ṣé ará orí ilẹ̀ ni yóò wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yan iná? Mo ra ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí a fi ń mọ iná tó dára. Omi la máa ń fi í hàn. Bí oòrùn bá ti wọ̀, wàá fi í kọ́ sórí omi, wàá dúró, bí iná bá jẹ́ iná, ẹja á sọ fún ọ. Mo fi èyí tó funfun kọ́ sí òpó ẹ̀yìn ilé mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. N ò tíì kọ orin kan tán tí edé ti ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún, tí ẹja wẹ́wẹ́ ń dán yinrin lábẹ́ rẹ̀. Mo yọ ọ́, mo fi elésè àlùkò kọ́. Mo kọ orin kan, mo kọ èkejì. Ẹja kan ṣoṣo ló yọjú, ó wò ó, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ ti mọ èyí tí mo mú. Mo tọ́jú èyí tí ẹja fẹ́, mo gbé èyí tí ẹja kọ̀ kọjá afárá lọ fún àbúrò mi. Mo wo ojú rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Èyí tó dára jù ni mo mú wá fún ọ."

Ó kúnlẹ̀ lórí pákó. "Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n mi. Yèyé ò kú, nígbà tí ẹ̀yin wà."

A ra ilẹ̀ dúdú ẹ̀kún àpò lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, omi òjò la fi rin ín, a sì gbin gbogbo irúgbìn wa pátá, a ò fi ẹyọ kan pamọ́, nítorí a ò mọ èyí tí yóò hù. Mo fi iná mi kọ́ sókè téńté lábẹ́ òrùlé, bí bàbá mi ṣe máa ń fi tirẹ̀ kọ́ sórí ọ̀pá. Ó hù! Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń jó kiri ilé. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ga, ó ń ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn ìwọ̀, ewé rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n ń fara ti ara wọn bí ọ̀mùtí. Wọ́n ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan títí kò fi ku ẹyọ kan. Ibi tó tún wá dùn mí jù ni pé iná náà ń gba àárín pákó ilẹ̀ kọjá, edé wá ń pé jọ sábẹ́ ilé mi nírọ̀lẹ́ bí ẹni tí a pè sí ìpàdé. Ọkọ mi dẹ àwọ̀n síbẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó mi, o mọ iná yàn o!" Ó kù díẹ̀ kí n fi orógùn là á lórí.

Ní ilé kejì, ata àbúrò mi wà nínú garawa mẹ́fà, iná rẹ̀ sì rọ̀ sún mọ́ orí ewé wọn. Wọ́n kúrú, wọ́n ki, ewé wọn dúdú minimini. Wọ́n tanná, wọ́n so. Gbogbo ẹni tó bá sì wá wò ó, ohun kan náà ló ń sọ fún wọn: "Ẹ̀gbọ́n mi ló yan iná yìí fún mi. Ó fi èyí tó dára jù sílẹ̀ fún mi, ó mú èkejì." Ó tún dìde jẹ́rìí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìjọ yíjú sí mi, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mò ń rẹ́rìn-ín, inú mi ń jó bí ẹni gbé ata mì. Bí àbúrò mi bá bi mí léèrè tèmi, màá ní, "Ó ń bọ̀. Tèmi kì í kánjú."

Ọ̀kan wà nínú garawa mẹ́fà náà tó ń gún mi lójú jù. Èso rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ewé lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo rí i pé àbúrò mi wà nídìí ààrò edé, ó kọ ẹ̀yìn sí ilé. Mo mú igò omi oníke kan, mo bẹ̀rẹ̀ lórí afárá, mo bu omi òkun kún un, mo fi ìró bò ó. Ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ èṣù. Èmi ni. Mo mọ̀ pé irúgbìn yèyé tó kù láyé wà nínú yàrá náà, mo sì wọlé.

Gbogbo yàrá ló wà nínú ìmọ́lẹ̀ elésè àlùkò yẹn. Ọwọ́ mi pàápàá dà bí ọwọ́ ẹlòmíì. Àkísà wà létí garawa kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ rí bákan náà nínú iná yẹn, mo sì ń sọ nínú ara mi pé, wò ó, ó tún so àkísà rẹ̀ mọ́ ọn, àfi bí ẹni pé mo fẹ́ jí i. Mo da omi igò náà sínú garawa eléso púpọ̀ yẹn, mo dà á tán. Mo kọjá afárá padà, mo ro púpurú mi, mo jẹun.

Lọ́jọ́ kẹta, àbúrò mi dé ẹnu ọ̀nà mi, garawa lọ́wọ́ ọ̀tún, garawa lọ́wọ́ òsì. Ó gbé wọn kalẹ̀, ó tún padà lọ gbé ẹ̀kẹta. Àkísà pupa ló wà létí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo wò ó ní ojúmọmọ báyìí, pupa, àkísà tèmi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú pé mo wọ yàrá yín níjọ́sí. Ọkọ yín ló ṣílẹ̀kùn fún mi, mo rí i pé tiyín ti kú, ojú ń tì yín láti sọ. Ọjọ́ náà ni mo ti so àmì yín mọ́ mẹ́ta nínú tèmi. Ìṣirò mi ni pé kí wọ́n pọ́n tán kí n tó gbé wọn wá." Ó nu ojú rẹ̀. "Ọ̀kan nínú tiyín kú. Èyí tó dára jù ni, ìyẹn ló dùn mí. Mo tọ́ ilẹ̀ inú rẹ̀ wò, iyọ̀ ni. Òkun ló ta gba abẹ́ pákó wọlé. Ó jẹ ilẹ̀ yèyé tán, ó tún gun ilé wá jẹ ata rẹ̀. Ẹ má banújẹ́, mo ti mú ọ̀kan nínú tèmi rọ́pò rẹ̀."

Mo ní, "Òkun burú."

Mo padà lọ sí Igbókọ̀dá lọ ra iná elésè àlùkò. Ọkùnrin ṣọ́ọ̀bù náà rí mi, ó bú sẹ́rìn-ín: "Màmá, tòmátì ń kọ́?" Mo ka owó fún un, mo gba ọ̀nà ilé. Mo fi iná náà kọ́ sísàlẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ kan, bó ṣe sọ ọ́. Garawa mẹ́ta náà yè, mo sì ní irúgbìn báyìí. Inú ọ̀rá ló wà. Igò yèyé ṣì wà lójú fèrèsé àbúrò mi, mo sì ṣì ń jowú rẹ̀, kí n má purọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kí àbúrò mi tó bomi rin ata rẹ̀, ó máa ń ti ìka bọ ilẹ̀ inú garawa kọ̀ọ̀kan, á fi kan ahọ́n, á dúró díẹ̀. Bó bá parí tirẹ̀, á kọjá afárá wá tọ́ tèmi náà wò. Èmi a dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Á nu ìka sára ìró, á yíjú sí mi.

"Òkun ò tíì dé ibí o, ẹ̀gbọ́n mi."

Màá ní, "A dúpẹ́."