Ìjàpá Jámánì Tó Dúró sí Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀bù Mi

Ẹ sún mọ́bí, kí ẹ wá ibi tó tutù fìdí lé. Ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kó gbé e sílẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa, kó lọ jẹun tán kó tó padà wá, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ ààbọ̀ rẹ̀. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kankan. Ojú mi ló ṣe, ọwọ́ mi ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Mẹkáníìkì ni mí ní Ṣàngó Ọ̀tà. Ọkọ̀ Jámánì nìkan ni mò ń tún ṣe. Bí ẹnìkan bá gbé ọkọ̀ Japáànù wá, màá nawọ́ sí òdìkejì títì fún un pé ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ wà. Ẹ lè pè é ní ìgbéraga, n kò ní jiyàn. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé irin tí Jámánì bá rọ, ọmọ-ọmọ ẹni ló máa wá sin ín. Àwa ọmọ iṣẹ́ gba ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni gba ẹ̀sìn.

Nínú gbogbo ọkọ̀ wọn, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí gbogbo wa ń pè ní ìjàpá, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí rìbìtì àti imú rẹ̀ tó wọlẹ̀. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, iwájú ni wọ́n ń kó ẹrù sí, kì í sì í mu omi. Atẹ́gùn ló fi ń tura. Olùkọ́ gùn ún, nọ́ọ̀sì gùn ún, àwọn ọlọ́jà tó rí jájẹ náà gùn ún. Kí ó tó yọ ní ìkóríta ni ẹ ó ti gbọ́ ọ: tàkà-tàkà-tàkà, bí ìgbà tí wọ́n ń gbọn ẹ̀kùrọ́ nínú agolo.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń gun ọ̀kan. Nígbà èwe rẹ̀, ó bá wọn ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ náà pọ̀ ní Èkó. Àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ á dé láti Jámánì nínú àpótí, àwọn ọmọ wa á wá so wọ́n pọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ yẹn parí, ọ̀rẹ́ mi kó wá sí Ọ̀tà, ó sì rí iṣẹ́ mìíràn ní ilé iṣẹ́ oníke kan ní Agbára. Ìjàpá aláwọ̀ ewé tó rà nígbà náà lọ́hùn-ún kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti dàgbà, ó ti lọ sí Mẹ́kà, òun pẹ̀lú ìjàpá rẹ̀ náà ni.

Ìrọ̀lẹ́ tó bá ráyè, ó máa ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, á sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

"Ṣé o mọ̀ pé ìkà ló bí ọkọ̀ yìí?"

"Àlàájì, ẹ ti tún dé. Ìkà wo?"

"Olórí àwọn Jámánì ayé ogun Hítílà, òun gan-an. Ó ní kí àwọn mẹ̀kúnnù máa ra sítáǹbù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé. Bí ìwé bá kún, ọkọ̀ dé. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ títí. Ogun bẹ́. Kò sẹ́ni tó rí ọkọ̀ gbà nínú wọn."

"Alájọ ti sá lọ nìyẹn!"

"Ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà ogun yẹn, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà. Òmíràn kú síbẹ̀, wọn ò mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ogun parí, tí àjà ilé iṣẹ́ ti wó, Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun wọn ló tún wá gbé e dìde. Àwọn kan tiẹ̀ wá wo ọkọ̀ náà, wọ́n ní ó burẹ́wà, ó ń pariwo, kò ní tà. Wò ó lónìí! Ibo ni kò dé?"

Lẹ́yìn náà á fọwọ́ ra òrùlé ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń ra ẹ̀yìn ẹṣin. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Nígbà mìíràn tí mo bá dá wà nínú rẹ̀, ó máa ń ṣe mí bíi pé àwọn tí kò rí ọkọ̀ gbà yẹn ló jókòó sẹ́yìn mi."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ wá tì í nígbà tí bátìrì bá kú!"

Òun náà rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ ayọ̀ ni.

Ó wá di ọjọ́ kan, ó ní bíréèkì rẹ̀ ń rọ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo rí i pé rọ́bà tó ń gbé òróró bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ iwájú ti sán. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀. Ó kó oríṣi méjì síwájú wa. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, ó wà nínú ọ̀rá, kì í ṣe ti Jámánì. Èkejì jẹ́ tòkúnbọ̀, wọ́n tú u lára ìjàpá kan tó ti kú lókè òkun. Mo fi itọ́ nu ara tòkúnbọ̀ yẹn. Ìkọ̀wé àwọn Jámánì yọ, ó ń dán.

"Èyí ni," ni mo wí.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Tuntun yẹn ń kọ́?"

"Tuntun wo? Rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe sílípáàsì ni kí n fi sí ọkọ̀ Àlàájì? Àlòkù Jámánì sàn ju tuntun ibòmíràn lọ."

Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń sọ nínú iṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tó ń tajà náà pàtẹ́wọ́, ó ní ọ̀gá mọ ọjà. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n." Mo dè é sí i lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

N kò lè sọ iye oṣù tó kọjá sí i. Ọ̀rẹ́ mi dé láti ibi iṣẹ́ òru láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kí ó tó sùn, ìyàwó rẹ̀ ní kó bá òun lọ kó àpò gààrí òun ní Owódé, torí pé ọ̀la ni ọjà. Ó ní ó rẹ òun. Ìyàwó ní gbogbo ìgbà ni ó máa ń rẹ̀ ẹ́ bí ó bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ òun. Bí tọkọtaya ṣe ń sọ ọ́ náà ni. Ó gbé kọ́kọ́rọ́, òun nìkan jáde. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ lọ sí odò Ìju, tírélà kan bàjẹ́ sójú títì. Ìjàpá yà bàrá wọ abẹ́ rẹ̀. Mo ti sọ fún yín pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Kò sí irin kankan níwájú tó lè gba ìyà fún ẹni tó wà nínú rẹ̀.

A sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Gbogbo ẹni tó wá kí wọn ló ń sọ ohun kan náà: iṣẹ́ òru ló ti ń bọ̀, oorun ló gbé e. Ọlọ́pàá náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo lọ fa ọkọ̀ náà wálé, mo gbé e sábẹ́ igi furúntù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Bí mo ṣe ń so okùn mọ́ ọn lójú títì ni ọlọ́kadà kan tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ sọ fún mi pé, "Bàbá, fèrè ni ọkùnrin yẹn ń fọn láti òkè dé ìsàlẹ̀ o. Kò dá a dúró."

Ẹni tó sùn kì í fọn fèrè.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ egungun mi. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. N kò sì tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà wò. Ọdún mẹ́ta gbáko, mò ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ tọ̀, mò ń gbójú sí ibòmíràn. Mo sọ fún ara mi pé oorun ni. Ṣebí iṣẹ́ òru ló ti ń bọ̀ lóòótọ́?

Àmọ́ láàárọ̀, bí mo bá ń ṣí ilẹ̀kùn páànù ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn: tàkà-tàkà-tàkà. Màá sáré yí lọ síbẹ̀. Koríko ti gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọ inú, alántakùn ti ta sí ojú fèrèsé, kò ní bátìrì. Mo gbé ọwọ́ lé ìdérí ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ kan. Ó tutù nini. Mo dúró síbẹ̀, mi ò lè wo àga ẹ̀yìn.

Ọjọ́ kan ni ìyàwó ọ̀rẹ́ mi wá bá mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra ni ó ti ń pè mí ní ọkọ rẹ̀, bí ìyàwó ṣe ń pe ọ̀rẹ́ ọkọ. Ó ti rù. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ní ibi tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí gẹ́lẹ́.

"Ọkọ mi, ẹ bá mi ta ọkọ̀ yẹn fún àwọn tó ń ra àjákù irin. Kí wọ́n lọ yọ́ ọ."

"Ṣé kò sí?"

"Ó ń wálé," ni ó wí. "Bí a bá ti kírun Alásárì tán, màá gbọ́ ọ lẹ́nu géètì. Màá dìde, màá ṣí géètì. Kò ní sẹ́nì kankan. Àwọn ọmọ ní orí mi ti dàrú. Mo mọ ohun tó ń wá. Ó ń wá bi mí léèrè ìdí tí n kò fi jẹ́ kí òun sùn."

Ẹrù tó yẹ kó wà lórí mi ni obìnrin yìí ti ń rù láti ọdún mẹ́ta. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo sọ fún un: "Ìyàwó wa, bí ọjọ́ ẹ̀dá bá pé, kò sí ọgbọ́n."

Ó wò mí. "Bí gbogbo yín ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Kò tíì sí ẹni tó sọ fún mi pé kì í ṣe èmi."

Àwọn tó ń ra irin dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ọkọ̀ akóyọyọ àti iná tí wọ́n fi ń gé irin. Ṣé ẹ mọ àwọn ilé iṣẹ́ wa tó ń yọ́ irin, tí èéfín wọn máa ń pọ́n lójú ọ̀run Ọ̀tà? Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Wọ́n tan iná náà. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ẹ sún sẹ́yìn, iná ń ta." Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí ẹyin fi ń jinná, kò sí ẹni tó máa mọ̀ títí ayé. Wọ́n gbé iná dé etí ilẹ̀kùn.

"Ẹ dúró!"

"Kí ló dé? Ṣé ẹ gbàgbé owó sínú rẹ̀ ni?" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Mo wá sípánà. Nọ́ọ̀tì ti dípẹtà, mo fi ẹsẹ̀ ti sípánà náà títí wọ́n fi yí. Mo yọ táyà iwájú lápá òsì. Rọ́bà náà nìyẹn. Ìkọ̀wé Jámánì ṣì ń dán lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tó ti wọnú irin, ó ti là gbọọrọ. Mo tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka méjì, ó rún bí àkàrà àná.

Irin kì í tètè gbó; ẹni tó bá rọ ọ́ dáadáa, iyì rẹ̀ ni. Rọ́bà ń gbó ní tirẹ̀, ìbáà wà nínú àpótí, kò mọ ìlú tí wọ́n ti ṣe é. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ mi bá dè é, màá gbá a létí. Orúkọ Jámánì ló fọ́ mi lójú.

Mo fi ìwé ìròyìn wé rọ́bà náà, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìyàwó ọ̀rẹ́ mi. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo tú u síwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: ti ọjà, ti fèrè, ti ọdún mẹ́ta. Ó gbé rọ́bà náà, ó yí i wò, ó tún yí i.

"Kò sùn?"

"Kò sùn. Ó ń tẹ bíréèkì, kò mú."

"Ìwọ sì mọ̀?" Ọjọ́ náà nìkan ni ó pè mí ní ìwọ. "O jókòó ní fídáù ọkọ mi, o jẹ sààrà, wọ́n ń sọ pé èmi ni mo lé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, o sì gbọ́?"

"Mo gbọ́."

Ó da ẹ̀wà sílẹ̀. Ó sunkún débi pé mo dìde kí n máa lọ, ó ní kí n jókòó. Nígbà tó yá, ó ní, "Kì í ṣe èmi nìkan lo máa sọ ọ́ fún."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹbí. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi ní, "Ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ yìí?" Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ààfáà wọn ní ẹni tó bá pa ènìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀, ó ní láti san owó ẹ̀mí fún àwọn olókùú, bí wọn ò bá yọ̀ǹda rẹ̀, kó sì gba ààwẹ̀ ọgọ́ta ọjọ́ láìjá. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ní, "Àwa ò gba owó. Kó gba ààwẹ̀ rẹ̀." Kò sẹ́ni tó jiyàn.

Mo gbà á pé. Ní ọjọ́ tí mo gbà á tán, ó ránṣẹ́ sí mi pé òun ò gbọ́ ohunkóhun lẹ́nu géètì mọ́. Èmi ṣì ń gbọ́ ọ ní tèmi. N kò sì bẹ̀bẹ̀ pé kó dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ jẹ́ ká pín ogún. Ara ìjàpá náà ti di irin ọ̀pá, ó ti wà nínú ògiri ẹnìkan tí kò mọ̀. Àbúrò olóògbé gbé ẹ́ńjìnnì, ó ní ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ tíṣà ní Ọ̀tà, ló jogún ìtàn sítáǹbù àti ti àwọn ẹrú ogun. Ó ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ dáadáa ju bàbá rẹ̀ lọ. Ìyàwó olóògbé jogún ilé, ó sì jogún oorun. Èmi kò sí nínú ìpín. Ṣùgbọ́n bí mẹkáníìkì kan bá mú rọ́bà àlòkù bọ̀ láti ọjà ní Ṣàngó lónìí, ìbáà dán bíi dígí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á bi í pé: "Ṣé o fẹ́ gba ààwẹ̀ ọgọ́ta ọjọ́ ni?" Ohun tí iṣẹ́ wa jogún lọ́wọ́ mi nìyẹn.