Ẹ Máa Mánéèjì Ẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú mi, ẹ ṣáà ní kí n máa mánéèjì nǹkan. Ọ̀rọ̀ yẹn ń rí mi lára. Ohun tó bá ti bàjẹ́, tí ẹni tó yẹ kó tún un ṣe kò fẹ́ tún un ṣe, òun ni wọ́n á ní ká mánéèjì. Ẹni tó ń sọ ọ́ kì í sì í sí lára àwọn tó máa mánéèjì.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lọ́nà Òkè-Ọ̀dàn ni mo ti ń ṣe tíṣà nígbà náà. Ẹ̀yìn kíláàsì mi ni ṣáláńgá àwọn ọmọ wà. Pákó tí wọ́n ń dúró lé ti jẹrà, ìdin ń rìn lórí ẹ̀, òórùn ẹ̀ á sì wọlé bá wa tí àwọn ọmọ bá ń jẹun. Ṣíọ̀! Mo lọ bá ọ̀gá àgbà wa.

"Ọ̀gá, ọmọ á já sínú ihò yìí lọ́jọ́ kan o."

Ẹ̀pà ni wọ́n ń jẹ. "Tíṣà, ẹ fara balẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣì máa mánéèjì ẹ̀. Ìjọba ń bọ̀."

Ìjọba wo? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ onítáìsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì wọn, wọ́n fi àgádágodo tì í. Àwa tíṣà ní kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan. Èmi náà ní tèmi.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi, ọpọlọ ẹ̀ jí pépé. Ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé gírámà ku ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò rí i mọ́. Mo bá wá a délé. Ìyá ẹ̀ ń bẹ gbágùúdá lójúde.

"Ó ti ń ṣe nǹkan oṣù, Tíṣà," ìyá sọ. "Kò lè wọ inú ẹ̀gbin yẹn. Ó wọ igbó, àwọn ọmọkùnrin ń yọjú wò ó. Ó ní òun ò lọ mọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ìdánwò ti dé tán. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, kó ṣì máa mánéèjì ẹ̀."

Háà! Ẹnu èmi náà ló ti jáde. Ọmọ náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Ìyá ẹ̀ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ṣé ibẹ̀ lẹ̀yin náà ń lọ, Tíṣà?"

Báàgì mi wà lórí ẹsẹ̀ mi, kọ́kọ́rọ́ wà nínú ẹ̀. Mi ò yọ ọ́. Mo dìde, mo kí wọn pé ó dàbọ̀.

Kò ṣe ìdánwò náà. Gàrí ló ń tà ní Ìdógò báyìí. Tó bá rí mi, á kúnlẹ̀, á pè mí ní Tíṣà, á wọn gàrí fún mi, á tún bu èènì sí i. Mo máa ń gbà á. Ìríra ara mi ló sì máa ń bá mi délé.